Ilé aago Westminster tí gbogbo ayé ń pè ní Big Ben: kí ló mú kí aago náà péye tó bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Àjárá:
Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ kú ilé o. Mo rí i pé àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a bá ìjọba sọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́ ilé aago gogoro kan sí etí ọ̀sà wa ní Marina, kí àlejò tó bá wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lè gbọ́ agogo rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àmọ́ nínú gbogbo àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́, gíga ilé àti ẹwà rẹ̀ nìkan là ń sọ. Aago fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ká gbé èyí tó lókìkí jù lọ yẹ̀ wò, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster, Lọ́ńdọ̀nù.

Iná ló bí ilé yẹn. Láyé àtijọ́, igi pẹlẹbẹ ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣírò gbèsè àti owó orí. Wọ́n á gé àmì sára igi, wọ́n á là á sí méjì, ẹni tó jẹ gbèsè mú ọ̀kan, ẹni tó yá a lówó mú èkejì, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri kí wọ́n má baà gbàgbé ẹni tó rajà àwìn. Nígbà tí wọn kò lo igi náà mọ́, wọ́n ní kí wọ́n dáná sun ún nínú ààrò tó wà lábẹ́ ilé aṣòfin àgbà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 1834, iná náà ya bo ilé, ó sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú ààfin àtijọ́ náà run. Charles Barry ló borí nínú ìdíje àwòrán ilé tuntun ní 1836. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1843 ni wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ ilé aago lélẹ̀.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní 1842, ni Townsend àti Freeman wàásù lábẹ́ igi Àgíà níbí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa parí ní 1845. Tiwọn di 1859 kí aago rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bíríkìlà Tópò:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpìlẹ̀, torí ibẹ̀ ni tèmi wà. Ilé yẹn ga tó mítà 96. Ẹ̀gbẹ́ odò Thames ló dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì le bí àpáta. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da kọnkéré tó nípọn tó mítà 3, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìwúwo ilé sì jókòó lé e lórí. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí mítà 61, wọ́n fi òkúta Anston bò ó níta. Láti ibẹ̀ lọ sókè, irin ni wọ́n rọ ṣe òrùlé ṣóńṣó yẹn. Kì í ṣe òkúta ni gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe rí lójú ẹni tó dúró sílẹ̀.

Síbẹ̀ ó ti fì díẹ̀ sí apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Kò tó ohun tó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sí etí ọ̀sà wa, níbi tí yanrìn àti omi ti ń bá ara wọn ṣeré lábẹ́ ilẹ̀, ìpìlẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ na owó lé lórí.

Ọmọ Marina:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló ya àwòrán ilé aago gan-an? Ní kíláàsì wa, Barry ni wọ́n kọ́ wa.

Tíṣà Àjárá:
Barry ló ni iṣẹ́ gbogbo ààfin, àmọ́ ó pe Augustus Pugin pé kó bá òun ṣe ilé aago náà. Pugin ló fún un ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí: fèrèsé ṣóńṣó, ọ̀ṣọ́ tó pọ̀ bí iṣẹ́ ọnà orí igi, àti ojú aago mẹ́rin tí wọ́n fi wúrà ṣe létí. Ó wà lára iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Àìsàn ọpọlọ mú un, ó sì kú ní 1852 ní ọmọ ogójì ọdún, ọdún méje kí aago náà tó lù. Ó dùn mí pé nínú gbogbo àwọn tó ń ya fọ́tò níwájú ilé yẹn, ìwọ̀nba ni ó mọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá Aláago:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún aago ṣe, ẹ jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀ fún yín.

Ní 1844, Barry ní kí Vulliamy, tó jẹ́ aláago ọbabìnrin, ya aago náà. Edward Dent, tí òun náà jẹ́ aláago ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kò tọ́, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìjọba wá yan George Airy, olórí onímọ̀ ìràwọ̀ ìjọba ní Greenwich, pé kó ṣe onídàájọ́. Airy gbé àwọn òfin kan kalẹ̀ ní 1846. Ọ̀kan níbẹ̀ ni pé lílù àkọ́kọ́ agogo ní gbogbo wákàtí kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ yàtọ̀ sí àsìkò tó tọ́. Òmíràn ni pé aago náà gbọ́dọ̀ máa fi wáyà ránṣẹ́ sí Greenwich lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n lè máa rí i bó ṣe ń ṣe sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo aago lórí fóònù lè má mọ bí ìyẹn ti le tó. Aago ilé ìṣọ́ ìgbà náà, tí afẹ́fẹ́ àti òjò ń lù, wọ́n kì í retí irú ìpéye bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Vulliamy ní kò ṣeé ṣe. Dent ní òun á ṣe é. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ni Edmund Beckett Denison, agbẹjọ́rò ni, kì í ṣe aláago, ṣùgbọ́n ó mọ aago ju ọ̀pọ̀ aláago lọ. Dent kú ní 1853, ọmọ ìyàwó rẹ̀, Frederick, ló parí rẹ̀ ní 1854.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: ní 1854 tí aago ti parí, ilé kò tíì parí. Aago náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún márùn-ún. Denison ń wò ó, ó ń dán an wò, ó ń tún un ṣe. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló dá ohun tó sọ aago náà di ohun tó jẹ́ lónìí. Bí ilé bá ti tètè parí ni, aago tí kò dára tó yìí ni wọn ì bá gbé kọ́.

Ọmọ Marina:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ohun náà?

Bàbá Aláago:
Fara balẹ̀, ọmọ mi. Nínú irú aago yìí, ọ̀pá tó ń fì ló ń ka àsìkò. Ti Westminster gùn tó nǹkan bí mítà 4, ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 300, ó sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti fì lọ sí apá kan. Àmọ́ ọ̀pá kì í dá fì títí. Ohun kan gbọ́dọ̀ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Nínú aago tó ṣáájú, jíà tó ń yí ọwọ́ aago náà ló ń ti ọ̀pá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu ọwọ́ aago níta, jíà á wúwo tàbí kí ó fúyẹ́, ìtì á yí padà, aago á sì ṣìnà.

Denison wá fi apá irin kékeré méjì sáàárín àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ jíà kò ju pé kí ó gbé apá sókè dé ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Apá yẹn ló máa wá já bọ́ sára ọ̀pá, ìwúwo tirẹ̀ ló sì ń tì í. Ìwúwo apá irin kì í yí padà, ìjì ì báà jà, òjò ì báà rọ̀. Ohun tó ń dààmú ọwọ́ aago níta kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá nínú ilé mọ́. Lẹ́yìn Westminster, ọ̀pọ̀ aago ńlá nínú ayé ló gba ọ̀nà yìí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo kà á níbì kan pé ní 1949 ọ̀wọ́ ẹyẹ bà lé ọwọ́ aago yẹn, ó sì falẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Bí apá irin bá ń dáàbò bò ó, báwo ni ẹyẹ ṣe fa aago sẹ́yìn?

Bàbá Aláago:
Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ààbò náà dúró níwọ̀n ìgbà tí jíà bá ṣì ní agbára láti gbé apá sókè. Ọwọ́ ńlá aago yẹn gùn tó mítà 4.2. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀ lápá ibi tó ti ń gòkè, ẹrù náà lè ju agbára jíà lọ, jíà á sì dúró. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kí afẹ́fẹ́ máa tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ti afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ni Denison wá ojútùú sí.

Ìdí nìyí tí ìwúwo ọwọ́ fi jẹ́ wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọwọ́ ńlá, ó wúwo jù, wọ́n sì fi bàbà tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Aṣọ́nà Gbẹ̀rẹ̀fù:
Ṣé òótọ́ ni ti kọ́bọ̀ tí wọ́n ń fi sórí ọ̀pá?

Bàbá Aláago:
Òótọ́ ni. Pẹ́nì àtijọ́ ni. Bí wọ́n bá fi ẹyọ kan lé orí ọ̀pá, aago á fi nǹkan bí 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá yára sí i lóòjọ́. Bí wọ́n bá mú un kúrò, á falẹ̀ níwọ̀n kan náà. Owó ẹyọ yẹn gbé ibi tí àárín ìwúwo ọ̀pá wà lọ sókè díẹ̀ ni, ọ̀pá wá ń ṣe bí èyí tó kúrú, èyí tó kúrú ló sì máa ń yára fì. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é títí di òní.

Alhaja Òkè-Ọjà:
Ẹ má bínú o, mo fẹ́ dá sí i. Mo ti fi ojú mi rí ti Mẹ́kà nígbà tí mo lọ sí Háájì. Ilé yẹn ga ní mítà 601, ojú aago rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43. Bí àkókò ìrun bá tó, iná funfun àti iná àwọ̀ ewé á máa kọ mànà lókè, ẹni tó jìnnà á rí i. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò dé ìdámẹ́fà gíga rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò fi mú ìyẹn wò?

Tíṣà Àjárá:
Alhaja, Ọlọ́run gba Háájì yín. Iṣẹ́ ńlá ni ti Mẹ́kà, ẹni tó rí i kò lè gbàgbé. Àmọ́ iná mànàmáná ló ń yí ọwọ́ rẹ̀. Ti Westminster, òṣùwọ̀n tó wúwo ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ilé tí ó sì ń yí jíà, wọ́n á wá yí i padà sókè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fún ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì.

Alhaja Òkè-Ọjà:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n iná oòrùn wà báyìí, tíṣà. Àwọn ọmọ wa ń fi í tan iná ṣọ́ọ̀bù. Aago kò lè gba iná tó tìyẹn.

Bíríkìlà Tópò:
Alhaja sọ òótọ́. Èmi rò pé iná oòrùn ló bá wa mu jù. Àmọ́ ẹni tí yóò máa nu eruku orí pánẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Bó bá yá, a óò tún padà síbi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Alágogo Ṣọ́ọ̀ṣì:
Ẹ ti sọ ti aago tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti agogo, torí agogo ńlá inú rẹ̀ ló ń jẹ́ Big Ben gan-an. Ilé náà ń jẹ́ Elizabeth Tower láti 2012, nígbà tí ọbabìnrin ṣe àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé orúkọ Benjamin Hall, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé ìjọba nígbà náà, ni wọ́n fún agogo. Àwọn mìíràn ní ti Ben Caunt ni, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ayé ìgbà yẹn.

Agogo àkọ́kọ́, tọ́ọ̀nù 16, ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́ ní oṣù kẹjọ 1856. Orí òkun ni wọ́n gbé e gbà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e kọ́ sí àgbàlá, wọ́n ń lù ú wò. Denison ní kí wọ́n fi òòlù tó wúwo sí i. Ní oṣù kẹwàá 1857, agogo là. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì tún un rọ ní ilé iṣẹ́ Whitechapel ní oṣù kẹrin 1858. Tuntun yìí wúwo ní tọ́ọ̀nù 13.7. Ẹṣin mẹ́rìndínlógún ló fà á gba ojú títì Lọ́ńdọ̀nù kọjá, àwọn ènìyàn sì jáde wá wò ó. Ọ̀nà tó gba inú ilé gòkè tín-ín-rín ju ẹnu agogo lọ, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n dà á sí kí ó tó lè gòkè, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí 30 kí ó tó dé òkè.

Ó kọ́kọ́ lu wákàtí ní ọjọ́ 11 oṣù keje 1859. Oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, òun náà là.

Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti sọ bí òòlù kò ṣe gbọdọ̀ wúwo jù. Denison fi èyí tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ lù ú. Ọkùnrin tó gbọ́n tó báyìí nínú aago kò gbọ́ràn nínú ọ̀rọ̀ agogo.

Ọmọ Marina:
Kí ló dé tí wọn kò tún yọ́ ọ? Agogo tó là kì í ṣe agogo mọ́.

Alágogo Ṣọ́ọ̀ṣì:
Fún ọdún mẹ́rin kò sọ̀rọ̀, agogo kékeré tó wúwo jù nínú àwọn mẹ́rin tó yí i ká ni wọ́n fi ń lu wákàtí. Ní 1863, Airy mú àbá wá: ẹ yí agogo díẹ̀ kí òòlù má ba ibi tó là mọ́, ẹ lo òòlù tó fúyẹ́, ẹ gé irin díẹ̀ kúrò ní ibi tí ìlà náà wà kí ó má lọ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àbùkù yẹn wà lára rẹ̀ títí dòní, ó sì wà nínú ohùn tí gbogbo ayé mọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn pé ì bá dára kí wọ́n yọ́ ọ. Ohùn tó ní báyìí wù mí bẹ́ẹ̀.

Orin kúkurú tí àwọn agogo mẹ́rin kékeré ń lù kí Big Ben tó wọlé, Cambridge ló ti wá, láti ṣọ́ọ̀ṣì Great St Mary's. Ọ̀pọ̀ agogo ẹnu ọ̀nà nínú ilé wa ló ń lu orin kan náà.

Aṣọ́nà Gbẹ̀rẹ̀fù:
Ṣé kò tíì bàjẹ́ rí láti ìgbà yẹn?

Bàbá Aláago:
Ó bàjẹ́ gan-an ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 1976, lóru. Irin kan nínú apá tó ń lu orin ti rẹ̀ láti inú wá, ó ṣẹ́. Òṣùwọ̀n tó wúwo já sílẹ̀, jíà yí wìrìwìrì láìsí ohun tó ń dá a dúró, irin fò káàkiri yàrá ẹ̀rọ. Ọpẹ́ ni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ó di oṣù karùn-ún 1977 kó tó tún bọ̀ sípò pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ lè rí irú àrẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára irin. Àyẹ̀wò gidi ló lè rí i, kì í ṣe nínu epo nìkan.

Tíṣà Àjárá:
Láti 2017 di 2022 ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn. Wọ́n tú aago náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o lọ fọ̀, wọ́n tún un tò. Gíláàsì 324 ló wà lójú aago kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n ha ọ̀dà dúdú tó wà lára ọwọ́ àti òǹkà aago, wọ́n rí i pé àwọ̀ búlúù ni ó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Búlúù náà ni wọ́n dá padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí Marina. Kí ni ẹ ní kí n kọ sínú lẹ́tà wa?

Bíríkìlà Tópò:
Kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ òkun wa á jẹ irin. Òpó àti ọwọ́ aago kò gbọdọ̀ jẹ́ irin lásán. Kọ ọ́ pé kí ó má ga jù. Mítà 15 tó láti rí lórí ọ̀sà.

Bàbá Aláago:
Kọ òfin bíi ti Airy sí i, ọmọ mi: bí aago náà bá fi ju ìṣẹ́jú kan lọ ṣìnà, iṣẹ́ kò tíì parí, kí wọ́n má sanwó tó kù. Kí owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sì wà nínú ètò kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo lè kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní iṣẹ́ náà, n kò ní gba kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá rí owó oṣù yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ ọ. Ilé aago tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan ń purọ́ fún ìlú lójoojúmọ́.

Alhaja Òkè-Ọjà:
Èmi fọwọ́ sí èyí. Ẹ fi iná oòrùn kún un, kí ẹ sì kọ iye tí nínu pánẹ́ẹ̀lì máa jẹ́ lóṣù.

Ọmọ Marina:
Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀dọ́ méjì yẹn, Bàbá. Ṣé mo lè gbọ́ Big Ben gangan láti ibí?

Bàbá Aláago:
Wá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi. BBC ló kọ́kọ́ gbé ohùn rẹ̀ sórí rédíò ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1923, wọ́n sì ń gbé e títí dòní lórí Radio 4, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti ní ọ̀gànjọ́ òru wọn. Ní ìgbà òtútù wọn, wákàtí kan la fi ṣáájú wọn, aago méje ìrọ̀lẹ́ ni kí o tẹ́tí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Orin agogo kékeré ló ń ṣáájú, má fi ìyẹn wọn nǹkan. Lílù àkọ́kọ́ Big Ben ni wákàtí bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fa ohùn sẹ́yìn, nítorí náà má fi tún aago ọwọ́ rẹ ṣe.